Màjàlà tó fò dé etí òkun

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ tí mo sọ níbi ìpàdé wa ti Sátidé nìyí. Àwọn tí ò ráàyè wá ló ní kí n tẹ̀ ẹ́ síbí. Inú fóònù tí wọ́n fi gbà á sílẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ ọ tí mo sì ń tẹ̀ ẹ́ bó ṣe ń jáde, tẹ́ ẹ bá rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti ta kókó ẹ fojú fò ó.

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú ọ̀nà jíjìn. Mo mọ̀ pé ìrẹsì ti ń ta sánsán lẹ́yìn lọ́hùn-ún, mi ò ní pẹ́.

Ìbéèrè kan ló gbé mi dé iwájú yín. Níbi ìsọmọlórúkọ kan lọ́jọ́sí, ẹ̀gbọ́n wa kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbàdàn dé bi mí pé, "Àbúrò, ṣebí òkun ló wà níwájú àwọn ará Malibu yẹn, odindi òkun Pàsífíìkì, báwo ni iná ṣe ń jó èèyàn mọ́lé létí omi? Ṣé wọn ò ní garawa ni?" Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín o, àmọ́ nígbà tí mo délé, ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kí n sùn, torí mo ti lo ogún ọdún ó lé ní Los Angeles yìí, mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí iná igbó yẹn jó láti Pacific Palisades dé Malibu, létí òkun níbí, mi ò sì mọ bí mo ṣe máa dá bọ̀dá lóhùn.

Mo ti wá ìdáhùn yẹn káàkiri láti ìgbà yẹn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí Yorùbá ní lédè ló là á yé mi, màjàlà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà lábúlé mọ̀ ọ́n. Tí wọ́n bá ń sun oko lọ́hùn-ún nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ewé tó ti jó dúdú máa fò lọ sókè, afẹ́fẹ́ á gbé e, á wá balẹ̀ sórí aṣọ tí ìyá ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sá, ìyá ẹ á wá figbe ta. Àwọn àgbà ní bí oko bá ń jó, màjàlà ló ń sọ fún ará ilé. Òfófó ni màjàlà. Tiwa ti tutù kó tó balẹ̀, ìròyìn lásán ló mú wá. Èyí tó ń fò ní Palisades lọ́jọ́ yẹn, ẹyín iná ló gbé dání.

Ọjọ́ Túsìdè ni, January 7, 2025. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mò ń ṣe, ó pọ̀ nínú wa níbí tó ń ṣe é, ẹ ò ní kí n ṣàlàyé. Ọ̀dọ̀ ìyá arúgbó kan ní Santa Monica ni mo wà, lápá òkè títì San Vicente. Nǹkan bí aago mẹ́wàá ààbọ̀ àárọ̀ ni iná yẹn bẹ̀rẹ̀ lórí òkè Pacific Palisades, kó tó di ọ̀sán, èéfín ti bo ojú ọ̀run lápá ìwọ̀ oòrùn, kì í ṣe èéfín tó ń lọ sókè o, ó dùbúlẹ̀ ni, ó na gbọọrọ lọ sójú òkun bí ẹní tí wọ́n tẹ́. Ìyá ní kí n ti fèrèsé. Mo ti fèrèsé. Afẹ́fẹ́ yẹn ń fọn féèrè lábẹ́ ilẹ̀kùn.

Ibi tí ìdáhùn bọ̀dá ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, èéfín tó dùbúlẹ̀. Ẹ rántí ọyẹ́. Aṣálẹ̀ Sàhárà ni ọyẹ́ tiwa ti ń fẹ́ wá, ó ń gba orí ilẹ̀ lọ sọ́nà òkun, ó ń gbẹ ètè, ó ń gbẹ ewé. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń pè ní Santa Ana, ìbátan ọyẹ́ ni, àmọ́ ìbátan tí orí ẹ̀ ò pé. Ilẹ̀ gíga kan wà lọ́hùn-ún, apá Nevada àti Utah, aṣálẹ̀ ni. Afẹ́fẹ́ tútù tó wúwo máa ń kóra jọ síbẹ̀, tó bá ti kún, ó máa wá ibi tó máa dà sí, ó máa gba àárín àwọn òkè já, ó máa dorí kodò wá sí etí òkun. Bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ló ń fún pọ̀, bó ṣe ń fún pọ̀ ló ń gbóná, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fi páǹpù gún táyà kẹ̀kẹ́ rí mọ bí páǹpù yẹn ṣe ń gbóná lọ́wọ́. Fún gbogbo 1,000 mítà tó bá sọ̀, ó máa ń fi ìwọ̀n bíi 10 ti Celsius gbóná sí i, gbogbo ọ̀rinrin ara ẹ̀ sì ti tán lọ́nà.

Ẹ wá wò ó. Lọ́jọ́ gbogbo, òkun ló ń fẹ́ atẹ́gùn tútù sí àwọn ará Malibu, ohun tí wọ́n ṣe ń ra ilé olówó ńlá síbẹ̀ nìyẹn. Lọ́jọ́ tí Santa Ana bá dé, ó máa ti atẹ́gùn òkun padà sójú òkun. Òkun wà níwájú ẹ, o ń wò ó, ó ń dán, àmọ́ afẹ́fẹ́ tó kàn ẹ́ lójú, aṣálẹ̀ ló ti wá. Kò sí omi kankan nínú ẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn àti òru ẹ̀, ó ń fẹ́ ní máìlì 80 ní wákàtí láwọn ibì kan, ó sún mọ́ 100 lórí àwọn òkè. Máìlì 100! Mọ́tò ẹlòmíì nínú yín ò lè sá tó bẹ́ẹ̀.

Igi ìdáná náà sì ti wà nílẹ̀. Òjò rọ̀ gan-an láàárín 2022 sí 2024, koríko àti igbó ṣúúrú orí òkè wá hù bíi ti ẹni tó ń sanra. Lẹ́yìn náà òjò dáwọ́ dúró. Láti May 2024 títí di ọjọ́ tí iná yẹn bẹ̀rẹ̀, òjò tó rọ̀ sí àárín ìgboro Los Angeles ò tó ìdá kan nínú mẹ́rin ínǹṣì kan. January sì ni oṣù òjò wa níbí, kì í ṣe ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Èyí tí òjò ọdún méjì gbìn ni ọ̀dá oṣù mẹ́jọ sá gbẹ.

Èwo wá ni ti màjàlà. Tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ iná igbó, èèyàn máa ń rò pé iná ń bọ̀ bí ògiri, pé ó máa jó igi yìí, ó máa jó ìyẹn, títí tó fi máa dé ẹnu ọ̀nà ẹ, kó o sì ti dúró de òun pẹ̀lú omi. Iná tí afẹ́fẹ́ ń lé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó máa ju ìpẹ́pẹ́ iná síwájú ara ẹ̀, ó lè jù ú kọjá títì, kọjá àfonífojì, kó balẹ̀ sílé kan tí iná ò tíì sún mọ́ rárá. Ọ̀pọ̀ ilé òyìnbó yìí ló ní ihò kéékèèké lábẹ́ òrùlé tí atẹ́gùn ń gbà wọ àjà, ìpẹ́pẹ́ iná máa gba ibẹ̀ wọlé, á bá páálí àti pákó nínú àjà, á sì máa jó láti inú wá síta. Ohun tó fà á nìyẹn tẹ́ ẹ fi rí fọ́tò níbi tí ilé ti di eérú tí igi ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ sì tutù yọ̀yọ̀. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ lórí ẹ̀rọ ayélujára pé ayé ló ṣe é, pé wọ́n fi nǹkan jó àwọn ilé yẹn látojú ọ̀run. Ẹ jọ̀ọ́. Igi tútù lómi nínú, ilé onípákó ò ní, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tí ilé kan bá sì ti gbiná, ilé yẹn fúnra ẹ̀ á di igbó fún èyí tó tẹ̀ lé e.

Àwọn ilé etí òkun wá ni ká wò, àwọn tí wọ́n gbé sórí òpó lẹ́bàá títì Pacific Coast Highway, tí ìgbì òkun ń wọ abẹ́ wọn jáde. Wọ́n jó. Omi wà lábẹ́ ilé, ilé ń jó lókè. Nígbà tí wọ́n jẹ́ ká kọjá níbẹ̀ lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ohun tí mo rí ni òpó lóríṣiríṣi tó dúró sínú omi láìgbé nǹkan kan lórí. Iná Palisades yẹn nìkan jó éékà tó lé ní 23,000, ó ba ilé tó lé ní 6,800 jẹ́, èèyàn 12 ló kú.

Ọ̀rọ̀ garawa bọ̀dá ńkọ́? Wọ́n ní garawa o. Bàálù méjì kan wà tí wọ́n ń háyà lọ́dọọdún láti Quebec ní Kánádà, wọ́n máa fi ikùn ra ojú òkun, wọ́n máa gbé bíi gálọ́ọ̀nù 1,600 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n á lọ dà á sórí iná. Omi òkun gan-an ni. Àmọ́ ìrọ̀lẹ́ Túsìdè yẹn, afẹ́fẹ́ ti le débi pé bàálù ò lè fò mọ́, omi tó bá sì dà láti òkè nínú afẹ́fẹ́ yẹn, ibòmíì ló máa balẹ̀ sí. Nígbà tí afẹ́fẹ́ wá rọlẹ̀ díẹ̀ lọ́jọ́ kẹta, ẹnì kan gbé dróònù sókè láti ya fídíò, ó lọ gbá ìyẹ́ ọ̀kan nínú bàálù méjèèjì, ó lu ú. Wọ́n ní láti gbé e sílẹ̀. Fídíò! Mi ò ní sọ ohun tó wá sí mi lẹ́nu, àwọn ọmọdé wà níbí.

Omi ẹ̀rọ náà tún wà. Tánkì mẹ́ta ló wà lórí òkè Palisades, ọ̀kọ̀ọ̀kan gba gálọ́ọ̀nù mílíọ̀nù kan, gbogbo wọn ti gbẹ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Adágún omi ńlá kan tún wà nítòsí tó yẹ kó gba gálọ́ọ̀nù mílíọ̀nù 117, òfìfo ló wà, torí ìdérí ẹ̀ ti ya, wọ́n fẹ́ tún un ṣe. Àwọn panápaná so ọ̀pá mọ́ ẹnu omi, afẹ́fẹ́ ló ń jáde. Àwọn èèyàn bínú, ó sì yẹ kí wọ́n bínú. Àmọ́ lójú tèmi, ká ní adágún yẹn kún dẹ́nu, kò ní yí ìtàn padà tó bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ilé kan méjì ni wọ́n ṣe omi àdúgbò fún, wọn ò ṣe é fún ẹgbẹ̀rún ilé tó ń jó lóru kan ṣoṣo.

Ohun tó ká mi lára jù ni ọ̀rọ̀ ọ̀nà. Àdúgbò kan wà lókè Palisades tí títì kan ṣoṣo wọlé tó sì jáde. Gbogbo ayé kó sí mọ́tò lẹ́ẹ̀kan náà, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ dé, iná wá ń jó ní ẹ̀gbẹ́ títì. Ọlọ́pàá ń sáré gbá fèrèsé mọ́tò pé ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ máa fẹsẹ̀ sá lọ sí etí òkun. Wọ́n fi mọ́tò sílẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ panápaná wá fẹ́ kọjá, kò sọ́nà, katapílà ni wọ́n gbé wá, ó ń fi irin gbá mọ́tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, Tesla, Mercedes, kò yan ẹnì kankan. Kì í sì ṣe pé wọn ò rí irú ẹ̀ rí. Ní November 2018, iná Woolsey ti orí òkè jẹ bọ̀ dé Malibu, èèyàn bíi 295,000 ni wọ́n ní kó kúrò nílé, gbogbo apá títì etí òkun ni wọ́n sọ di àlọ kò sí àbọ̀, síbẹ̀ wákàtí lórí wákàtí ni wọ́n fi ń rìn. Àwọn tó ní ẹran ọ̀sìn kó wọn lọ sí etí òkun Zuma, ẹṣin àti llama so mọ́lẹ̀ nínú yanrìn, ojú ọ̀run pọ́n lẹ́yìn wọn. Ẹ lè rí fọ́tò yẹn.

Ṣé ẹ rí i pé òkun ò kúkú ṣe aláìwúlò pátá. Ní Mallacoota ní Ọsirélíà, December 31, 2019, èèyàn bíi 4,000 ló sá lọ sí etí omi, ọkọ̀ ojú omi àwọn ológun ló sì wá kó èyí tó lé ní 1,000 nínú wọn jáde. Ṣùgbọ́n ó máa kọ́kọ́ gbà kó o dé ibẹ̀. Ní Mati ní Gíríìsì, July 2018, èèyàn 26 ni wọ́n bá tí wọ́n dì mọ́ ara wọn, òkun ò ju ìṣísẹ̀ díẹ̀ lọ sí wọn, èéfín ò jẹ́ kí wọ́n rí ọ̀nà tó sọ̀ kalẹ̀ lọ síbẹ̀. (Mo dákẹ́ díẹ̀ níbí.)

Ti Lahaina wá ni, ní erékùṣù Maui ní Hawaii, August 8, 2023. Èèyàn 102 ló kú. Olú ìlú àwọn ọba Hawaii ni Lahaina jẹ́ nígbà kan rí. Ní gbogbo òkè tó wà lẹ́yìn ìlú yẹn, oko ìrèké ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, nígbà tí iléeṣẹ́ ṣúgà kógbá wọlé, kò sẹ́ni tó ro oko mọ́, koríko ló gbà á. Ẹ mọ ọ̀kan nínú àwọn koríko yẹn? Guinea grass, koríko ilẹ̀ Áfíríkà wa, wọ́n gbé e lọ síbẹ̀ kí màlúù lè rí nǹkan jẹ. Èyí tí màlúù ń jẹ lọ́dọ̀ wa tó ń tán, níbẹ̀ kò sẹ́ni tó ń jẹ ẹ́, ó ga, ó gbẹ, ó ń dúró. Ìjì ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Dora wá ń kọjá lójú òkun lápá gúúsù, ibi tó jìnnà gan-an, kò fi òjò kankan ta wọ́n lọ́rẹ, afẹ́fẹ́ nìkan ni wọ́n rí gbà níbẹ̀, ó ń ti orí òkè já bọ̀ wá sí ìlú. Wáyà iná tó já ló dá iná sílẹ̀ ní àárọ̀. Panápaná wá, wọ́n pa á, wọ́n ní ó ti kú, wọ́n lọ. Ó jí ní ọ̀sán.

Iná tí wọ́n ní ó ti kú. Palisades náà ńkọ́? January 1, òru ọdún tuntun, iná kékeré kan jó éékà 8 lórí òkè kan náà yẹn, wọ́n pa á. Àwọn tó ṣèwádìí fún ìjọba àpapọ̀ sọ pé iná yẹn ò kú, pé ó wọ inú gbòǹgbò igi lábẹ́ ilẹ̀, ó ń jó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́fà láìsí ẹni tó rí i, títí Santa Ana fi wá fẹ́ ẹ jáde. Ní October 2025 wọ́n mú ọkùnrin kan, wọ́n fẹ̀sùn kàn án pé òun ló tan ti ọdún tuntun yẹn. Ẹ̀sùn ni o, kóòtù ló máa sọ. Èmi ò lè gbọ́ ìtàn yẹn kí n má rántí pé a kì í gbé iná sórí òrùlé sùn.

Ní Lahaina, fèrè ìkìlọ̀ bíi 80 ló wà ní gbogbo Maui, ìkankan ò dún lọ́jọ́ yẹn. Ẹni tó ń bójú tó o sọ pé tsunami, ìgbì òkun ńlá tó ń ya wọ ilẹ̀, ni wọ́n mọ fèrè yẹn mọ́, tó bá dún, àwọn èèyàn á sá lọ sórí òkè, inú iná gan-an nìyẹn. Ọ̀rọ̀ yẹn bí àwọn èèyàn nínú, kò sì pẹ́ tó fi fiṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn tó ríbi sá bẹ́ sínú òkun, wọ́n di òkúta mú fún ọ̀pọ̀ wákàtí, màjàlà ń já lé wọn lórí nínú omi.

Tiwa níbí, ìkìlọ̀ pọ̀ jù níbì kan, ó pẹ́ jù níbòmíì. January 9, gbogbo fóònù ní county Los Angeles han lẹ́ẹ̀kan náà pé ká múra láti sá, èèyàn bíi mílíọ̀nù mẹ́wàá, kò pẹ́ ni wọ́n wá ní ẹ má bínú o, àṣìṣe ni. Àmọ́ ní Altadena, tí kì í ṣe etí òkun, tí iná Eaton jó lóru Túsìdè kan náà, àwọn tó wà ní apá ìwọ̀ oòrùn ìlú yẹn ò gba àṣẹ pé kí wọ́n jáde títí aago mẹ́ta ti kọjá lóru, iná sì ti ń jó láti nǹkan bí aago mẹ́fà kọjá díẹ̀ ìrọ̀lẹ́ Túsìdè yẹn. Apá ibẹ̀ ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo àwọn tó kú ti kú. Àwọn aláwọ̀ dúdú pọ̀ níbẹ̀, ilé tí bàbá bàbá wọn rà nígbà tí àwọn àdúgbò míì ò fẹ́ tà fún wọn. Arúgbó ló sì pọ̀ jù nínú òkú, àti àwọn tí ò lè dìde fúnra wọn. Ẹ̀yin tá a jọ ń ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ̀yin ni mò ń bá wí: ẹni tẹ́ ẹ ń tọ́jú ò ní dúró de àṣẹ. Tí wọ́n bá ti sọ pé ẹ múra, ẹ ti gbé e sí mọ́tò. Oògùn ẹ̀, ìgò ojú ẹ̀, bátìrì kẹ̀kẹ́ ẹ̀, páálí kan ṣoṣo lẹ́nu ọ̀nà. Kí mọ́tò ní epo tó ju ìlàjì lọ nígbàkigbà tí wọ́n bá ti kéde Santa Ana. Ilẹ̀kùn gáréèjì, ẹ kọ́ bẹ́ ẹ ṣe ń fọwọ́ ṣí i, torí iná mọ̀nàmọ́ná máa lọ, ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà ní Nàìjíríà kò yẹ kí n máa sọ ìyẹn fún yín.

Ó parí o. Ẹni tó bá ní ìbéèrè.

Màmá kan bi mí bóyá wọ́n tún ń kọ́lé síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mà, wọ́n ń kọ́ ọ, lójú kan náà. Ẹni tó lówó ń kọ́ ọ, ẹni tí ò lówó ń ta ilẹ̀. Ínṣọ́ránsì ti di ọ̀rọ̀ mìíràn, ó ti ju ọdún kan ṣáájú iná yẹn tí àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá ti ń sá kúrò, wọ́n ti ka afẹ́fẹ́ yẹn ṣáájú wa.

Ọmọ kan níwájú, kò ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ, bi mí pé ṣé ilé ìyá tí mò ń tọ́jú jó. Rárá, ọkọ mi, kò jó. Ìrọ̀lẹ́ Túsìdè yẹn ni wọ́n ní kí gbogbo ẹni tó wà lápá òkè San Vicente jáde. Ìyá kọ̀, ó ní òun ti gbé níbẹ̀ láti 1968, iná ò dé ibẹ̀ rí. Mo gbé e. Ó ń bú mi lọ lọ́nà títí a fi dé ilé ọmọ ẹ̀ ní Torrance. Nígbà tá a padà, bébà jíjó ló kún àgbàlá, àwọn ojú ìwé tó fò wá láti Palisades, láti ilé ẹni tá ò mọ̀. Mo ń gbá a lọ, ó ní kí n dúró, ó mú ọ̀kan. Ó ti jó ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta, àárín ẹ̀ ṣì ṣeé kà, bí wọ́n ṣe ń yan kéèkì ọsàn ló wà níbẹ̀, ẹnì kan sì ti fi bírò kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé ṣúgà ti pọ̀ jù. Ó ṣì lẹ̀ mọ́ ara fíríìjì ìyá títí dòní.